Fáànù àbí afẹ́fẹ́ ojú ọ̀nà: èwo ló máa tu ẹ́ńjìnì Ìjàpá eré ìje lára l'Ékòó?

Àbúrò mi kan ní Mushin ra ọkọ̀ Ìjàpá (Volkswagen Beetle) àtijọ́ kan. Ó tú gbogbo àga inú rẹ̀ sílẹ̀, ó ku ti awakọ̀ nìkan. Ó ní kí jórinjórin jó páìpù sí i nínú, ó ní ọkọ̀ eré ìje lòun ń kọ́. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá ló pè mí.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní kí n yọ fáànù yìí sọnù, pé ó ń jẹ agbára ẹ́ńjìnì. Ṣé kí n yọ ọ́?"

Mo ní kó ṣe sùúrù ná. "Báwo lo ṣe máa gbé e dé ibi tẹ́ ẹ ti máa sáré?"

Ó ní òun máa wà á débẹ̀ ni, òun ò lówó ọkọ̀ tó máa gbé e.

"Láti Mushin? Kó o gba Third Mainland?"

Ó dákẹ́.

Ìbéèrè yẹn ló yẹ kó ṣíwájú kí èèyàn tó fi fáànù wé ohunkóhun. Ọkọ̀ tí wọ́n gbé sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí pápá, tó sáré fún ogún ìṣẹ́jú, tí wọ́n tún gbé padà sílé, ọ̀tọ̀ ni ohun tó yẹ ẹ́. Èyí tó máa kọ́kọ́ jẹ ìyà wákàtí kan nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ kó tó sáré, ọ̀tọ̀ ni tiẹ̀. Ohun tí mo ń kọ sílẹ̀ yìí, ti èkejì ni mo fi sọ́kàn jù.

Ẹ kọ́kọ́ lọ wo jẹnẹrétọ̀ ẹ̀yìnkùlé yín

Ẹ́ńjìnì Ìjàpá kò ní rédíétọ̀, kò sì lo omi. Afẹ́fẹ́ ló ń tù ú lára, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń tu ẹ́ńjìnì I-better-pass-my-neighbour lára. Ẹ tan jẹnẹrétọ̀ yẹn, kí ẹ mú tíṣù pélébé kan lọ síbi tí ẹ ti ń fa okùn rẹ̀, níbi tí ihò wẹẹrẹ wà lára ìdérí. Tíṣù á lẹ̀ mọ́ ọn pẹ́. Ibẹ̀ ló ti ń mí sínú. Ẹ gbé e lọ sí òdìkejì, afẹ́fẹ́ gbígbóná á fẹ́ ẹ sọnù. Láàárín ibi méjèèjì yẹn, páànù kan wà tó bo sìlíńdà, tí kò jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ráyè sá lọ síbòmíì ju àárín àwọn irin pẹlẹbẹ tó tò léra bí ojú ewé ìwé. Ìyẹ́ ni màá máa pe àwọn irin yẹn. Ẹ yọ páànù náà kúrò, fáànù á ṣì máa fẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n sìlíńdà ò ní mọ̀ pé ó ń fẹ́. Afẹ́fẹ́ kì í wọ ibi tó ṣòro nígbà tí ibi tó rọrùn bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ọ̀kadà ò ní fáànù ní tiẹ̀. Ìta gbangba ni ìyẹ́ rẹ̀ wà, ìrìn ló ń gbé afẹ́fẹ́ kọjá lára rẹ̀. Ẹ́ńjìnì kẹ̀kẹ́ Maruwa sì rèé, ẹ̀yìn ló sá pamọ́ sí, nítorí náà wọ́n fún un ní fáànù àti ìbòrí. Ẹni tó ti jókòó sẹ́yìn ọ̀kadà nínú gosiló Òjúẹlẹ́gbà, kó tó di pé ìjọba lé wọn kúrò ní Surulere ní 2022, mọ bí ooru ẹ́ńjìnì yẹn ṣe máa ń jó ni lẹ́sẹ̀ tí kò bá ti rìn. Ọ̀nà ọ̀kadà àti ọ̀nà Maruwa, òun náà ni àwọn ọ̀nà méjì tí àbúrò mi fẹ́ yàn nínú wọn.

Fáànù lápá kan, ẹnu ìgbafẹ́fẹ́ lápá kejì

Ẹnu ìgbafẹ́fẹ́ ni ihò tí wọ́n ń ṣí sí ibi tí afẹ́fẹ́ ojú ọ̀nà ti ń kọ lu ọkọ̀, kó lè gba páìpù tàbí páànù lọ bá ẹ́ńjìnì. Kò náni ní agbára ẹ́ńjìnì kankan. Ìṣòro rẹ̀ ni pé eré ọkọ̀ nìkan ló ń fún un lókun. Tí a bá fi omi inú rọ́bà tó tẹ̀ bí U wọn ìtari afẹ́fẹ́, ká wo bí omi ṣe gòkè tó, nínú ooru Èkó tó tó 30 dígírì Celsius, ohun tó pọ̀ jù tí ẹnu yẹn lè rí ní kìlómítà 50 ní wákàtí kan kò ju sẹ̀ǹtímítà omi kan àti díẹ̀ lọ. Ní 100, ó tó mẹ́rin ààbọ̀. Ní 150, ó tó mẹ́wàá. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, ìtari á di ìlọ́po mẹ́rin. Àmọ́ ní òdo, nígbà tí dáńfó kan ti dábùú ọ̀nà ní Òṣòdì, òdo náà ni ìtari.

Fáànù kò bìkítà bóyá ọkọ̀ ń lọ tàbí kò lọ. Bí ẹ́ńjìnì ṣe ń yí ló ṣe ń fẹ́, òun sì ń yí tó bí ìlọ́po méjì ẹ́ńjìnì nítorí ìtóbi púlì méjèèjì tí bẹ́líìtì yí ká, ti ẹ́ńjìnì àti ti fáànù. Òótọ́ ni pé ó ń jẹ agbára, ó sì ń jẹ ẹ́ lọ́nà tó burú: tí ìyípo rẹ̀ bá di ìlọ́po méjì, agbára tó ń jẹ á di ìlọ́po mẹ́jọ. Ibi tí àwọn tó ní kó yọ ọ́ ti rí ọ̀rọ̀ sọ nìyẹn, wọn ò sì parọ́.

| | Fáànù tó bá ọkọ̀ wá | Fáànù pẹ̀lú púlì kékeré | Ẹnu ìgbafẹ́fẹ́, kò sí fáànù |
|---|---|---|---|
| Nínú gosiló | Ó ń fẹ́ | Ó ń fẹ́, kò tó | Kò sí nǹkan |
| Eré gígùn, ẹ́ńjìnì ń ké | Ó ń fẹ́ púpọ̀, ó ń jẹ agbára | Ó dára níbí | Ó dára, tí ọ̀nà ìjáde bá wà |
| Tí awakọ̀ bá dúró lójijì lẹ́yìn eré | Ó ń tu ooru tó kù | Ó ń tù ú díẹ̀ | Ooru há sínú |

Ẹ wo ẹni tó yọ fáànù tó sì mú un jẹ. Ní Amẹ́ríkà, ìdíje kan wà tí wọ́n ń pè ní Formula Vee, tó bẹ̀rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 pẹ̀lú ẹ́ńjìnì Ìjàpá 1200. Ọkọ̀ kéékèèké tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ wà ní ṣíṣí sẹ́yìn ni, wọ́n máa ń yọ fáànù kúrò, afẹ́fẹ́ ojú ọ̀nà ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ́ńjìnì yẹn kéré, agbára rẹ̀ ò pọ̀, eré ìje rẹ̀ ò gùn, kì í sì í bá ẹnikẹ́ni dúró nínú gosiló. Àwọn tó ń sáré ìdá kan nínú mẹ́rin máìlì náà máa ń yọ fáànù-bẹ́líìtì. Fún bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, irin fúnra rẹ̀ lè gba ooru náà mọ́ra kí wọ́n tó pa á.

Ẹ wá wo òdìkejì. Ọkọ̀ eré ìje Porsche 917 gba ìdíje Le Mans, eré wákàtí mẹ́rìnlélógún ní ilẹ̀ Faransé, ní 1970 àti 1971. Sìlíńdà méjìlá ló ní, afẹ́fẹ́ ló ń tu gbogbo wọn lára, ó sì máa ń sáré ju kìlómítà 350 ní wákàtí kan lọ lórí ọ̀nà gígùn ibẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ọkọ̀ kan wà láyé tó lè sọ pé afẹ́fẹ́ ojú ọ̀nà tó òun, ọkọ̀ yẹn ni. Síbẹ̀ fáànù ńlá kan dùbúlẹ̀ sórí ẹ́ńjìnì rẹ̀ bí ọpọ́n, jíà ló ń yí i, kì í ṣe bẹ́líìtì. Wọ́n fi agbára sanwó fún un, torí pé ẹ́ńjìnì tó yọ́ ò lè dé òpin wákàtí mẹ́rìnlélógún.

Èrò tèmi kò lọ́jú pọ̀: tí ọkọ̀ yín bá máa fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn l'Ékòó, ẹ má yọ fáànù.

Púlì kékeré

Èyí ni ìlàjì tí àwọn èèyàn máa ń dábàá. Wọ́n á yọ púlì ẹ́ńjìnì, wọ́n á fi èyí tó kéré sí i, fáànù á rọra yí. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Tí ìyípo fáànù bá dín ní ìdá 20 nínú 100, afẹ́fẹ́ á dín ní 20, ìtari á dín ní 36, agbára tó ń jẹ á sì dín ní bí ìdajì. Ìdajì yẹn dùn létí, ní ibi ìdíje, nígbà tí ẹ́ńjìnì ń yí ní ìgbà 5,000 sókè ní ìṣẹ́jú kan, kò burú rárá. Nígbà tó bá dúró sójú kan ní Ìkòròdú Road tó ń yí díẹ̀díẹ̀, afẹ́fẹ́ tí kò tó tẹ́lẹ̀ lẹ tún bù kúrò nínú rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ ọkọ̀, èyí tó ń fún bátìrì níná, pẹ̀lú á máa lọ́ra, nítorí ọ̀pá kan náà ló gbé òun àti fáànù. Ẹ ra púlì náà tí ẹ bá fẹ́, kó wà nínú àpótí irinṣẹ́, kí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ níbi ìdíje. Iṣẹ́ díẹ̀ ni.

Nǹkan kan tún rèé tí mo ti rí tó pa ẹ́ńjìnì: bẹ́líìtì kan ṣoṣo ló ń yí jẹnẹrétọ̀ àti fáànù. Tí iná pupa jẹnẹrétọ̀ bá tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, kì í ṣe ọ̀rọ̀ bátìrì nìkan. Ó lè jẹ́ pé bẹ́líìtì ti já, fáànù ti dúró. Ẹ páàkì lójú ẹsẹ̀, kódà lórí afárá.

Ilé fáànù mẹ́ta

Ilé fáànù ni páànù ńlá tó bo fáànù. Nínú ti àtijọ́, kúlà ọ́ìlì, ibi tí ọ́ìlì ẹ́ńjìnì ń gbà kọjá kó lè tutù, dúró sínú ibẹ̀ gan-an, ní ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà lọ sí sìlíńdà kẹta. Afẹ́fẹ́ tó ti tu ọ́ìlì lára ló wá ń lọ bá a, ó ti gbóná, ó sì ti rẹ̀ ẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé sìlíńdà kẹta ló sábà máa ń kọ́kọ́ kú nínú Ìjàpá, mẹkáníìkì àgbà kankan l'Ékòó ò ní jiyàn èyí pẹ̀lú yín.

Ní nǹkan bíi 1971 ni wọ́n tún un ṣe. Wọ́n gbé kúlà náà kúrò lójú ọ̀nà, wọ́n kọ́ yàrá kékeré fún un lẹ́yìn, wọ́n fún un ní ọ̀nà ìjáde tirẹ̀, wọ́n sì mú kí fáànù fẹ̀ sí i. Èyí tí àwọn oníjàpá lókè òkun ń pè ní doghouse nìyẹn. Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní Òjó ní 1975, nítorí náà àwọn tí ọjọ́ wọn ò jìnnà púpọ̀ ṣì wà kiri. Tí ẹ bá rí ilé fáànù yìí pé pérépéré, tí páànù kúlà rẹ̀ wà níbẹ̀, ẹ má ṣe yọwó jù, ẹ gbé e.

Ẹ̀kẹta ni èyí tó ń dán gbinrin, tí wọ́n ń tà nítorí ẹwà. Ẹ wo inú rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Nínú ilé fáànù gidi, àwọn páànù kéékèèké wà tó ń pín afẹ́fẹ́ fún apá ọ̀tún àti apá òsì. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń dán yìí, òfìfo ni inú wọn. Fáànù á fẹ́, apá kan á jẹun, ebi á pa apá kejì. Fún ọkọ̀ eré ìje, mi ò ní fi ọwọ́ kàn án.

Ọ̀rọ̀ tẹ́mósítáàtì, ohun tó ń dín afẹ́fẹ́ kù nígbà tí ẹ́ńjìnì ṣì tutù, ò gbà mí lákòókò. Tí ẹ bá yọ ọ́ l'Ékòó, ẹ́ńjìnì á kàn pẹ́ díẹ̀ kó tó gbóná láàárọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ má yọ àwọn ìlẹ̀kùn kéékèèké tó ń bá a ṣiṣẹ́. Ní ṣíṣí, àwọn náà ń darí afẹ́fẹ́.

Páànù tí wọ́n ń sọnù àti rọ́bà tí wọn ò rà

Ibí ni ọkàn mi wà. Èèyàn á náwó sórí fáànù, á náwó sórí kúlà, á wá fi páànù tó wà nísàlẹ̀ sìlíńdà sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù nítorí ó ń dún kòròkòrò. Láàárín sìlíńdà méjèèjì, lábẹ́, ni páànù yẹn ń gbé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fipá mú afẹ́fẹ́ yí sìlíńdà ká dé ìsàlẹ̀ kó tó jáde. Láìsí i, afẹ́fẹ́ á já láti òkè bọ́ sílẹ̀ tààrà, òkè sìlíńdà á tutù, ìsàlẹ̀ á máa jóná. Kì í ṣe owó iyebíye. Tí ẹ ò bá rí i ra ní ọjà Ladipo, ẹ gbé àpẹẹrẹ rẹ̀ lọ bá ẹni tó ń lu páànù, á lù ú fún yín.

Lẹ́yìn náà ni rọ́bà tó yí ẹ́ńjìnì ká, tó ya òkè kúrò lára ìsàlẹ̀. Òkè ni afẹ́fẹ́ tútù, ìsàlẹ̀ ni sáléńsà àti ooru. Ká ní tọ́ọ̀pù-sìlíńdà (irin tó dé orí sìlíńdà) wà ní 180 dígírì. Tí afẹ́fẹ́ tó ń wọlé bá jẹ́ 10, bí ìlú olótùútù, ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 170. L'Ékòó tí afẹ́fẹ́ jẹ́ 30, ó di 150. Tí rọ́bà ò bá sí, tí ooru ìsàlẹ̀ ń padà wọ òkè tí fáànù tún ń mí i sínú, afẹ́fẹ́ yẹn lè di 50, ìyàtọ̀ á di 130. Ohun tí àìsí rọ́bà yẹn gbà lọ́wọ́ yín tó ohun tí oòrùn Èkó gbà.

Ẹ tún wo àárín ìyẹ́ tọ́ọ̀pù-sìlíńdà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí wọ́n ń dà á, irin tẹ́ẹ́rẹ́ máa ń ṣẹ́kù tó ń dí ihò. Ẹ fi dírílì kékeré àti fáìlì tú u. Iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan ni, kò sì ná yín ní kọ́bọ̀.

Ní ti ìdọ̀tí, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, mò ń bọ̀ láti Ladipo nínú Ìjàpá mi. Nígbà tí mo dé Òṣòdì, iná ọ́ìlì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú tí mo bá ti dúró. Tí mo bá tẹ tọ́rótù díẹ̀, iná ọ́ìlì náà á kú. Mo páàkì, mo ṣí ẹ̀yìn. Bẹ́líìtì le, fáànù ń yí, ṣùgbọ́n ooru tó kọ lù mí lójú kì í ṣe ti ojoojúmọ́. Mo bu ọ́ìlì sí i, mo fi agídí wà á délé. Lọ́jọ́ kejì, ọmọṣẹ́ mẹkáníìkì mi ki ọwọ́ bọ ẹ̀yìn ilé fáànù, ó fa ọ̀rá pure water kan jáde, tí etí rẹ̀ ti kákò nítorí ooru. Ẹnu tí fáànù fi ń mí, iwájú ọkọ̀ ló kọjú sí, láàárín ilé fáànù àti ògiri irin. Ẹni tó dúró lẹ́yìn ọkọ̀ ò lè rí i. Fáàfù sìlíńdà kẹta ti jó kí a tó mọ̀.

Nítorí náà, nẹ́ẹ̀tì ṣe kókó, ṣùgbọ́n irú wo? Àbúrò mi fẹ́ lo nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn. Ojú rẹ̀ ti kéré jù, eruku ọyẹ́ á dí i láàárín ọ̀sẹ̀ kan, yóò sì fún fáànù lọ́rùn. Wáyà ilé adìẹ tí ojú rẹ̀ tó ìka kan ni kí ẹ lò, kí ẹ sì fi í sí ojú àwọn ihò ìta lábẹ́ gíláàsì ẹ̀yìn, níbi tí àyè ti fẹ̀. Ẹ má fi í sí ẹnu fáànù gan-an, nítorí ọ̀rá kan ṣoṣo lè bo gbogbo rẹ̀ níbẹ̀.

Igi lábẹ́ ìdérí ẹ́ńjìnì

Gbogbo wa la ti rí Ìjàpá tí wọ́n fi igi gbé ìdérí ẹ̀yìn rẹ̀ dúró. Nínú gosiló, mi ò lè bá wọn jà, ooru ń rí ọ̀nà lọ. Lórí eré, ọ̀rọ̀ yí padà. Afẹ́fẹ́ tó wà lẹ́yìn ìdí ọkọ̀ tó ń sáré kì í ṣe afẹ́fẹ́ tó ń tari, èyí tó ń yí gbirigbiri ni, ó sì máa ń fa ooru àti èéfín ìsàlẹ̀ gòkè wá sínú ihò tí ẹ ṣí sílẹ̀.

Ẹ má gbà mí gbọ́ lásán. Ẹ ra rọ́bà dírípù nílé oògùn, ẹ tẹ̀ ẹ́ bí U sára pákó kan nínú ọkọ̀, ẹ bu omi sobo díẹ̀ sí i kí ojú lè rí i. Ẹ na ẹnu kan sí yàrá ẹ́ńjìnì lókè páànù, ẹnu kejì sí ìsàlẹ̀ páànù, kí ó jìnnà sí sáléńsà. Apá tí omi bá ti gòkè ni ìtari rẹ̀ kéré. Ẹ wà á ní 80 ní àárọ̀ kùtùkùtù Sunday pẹ̀lú ìdérí ní títì, kí ẹnìkejì máa wo omi, kì í ṣe awakọ̀. Ẹ tún un ṣe pẹ̀lú igi. Èyí tí omi bá gòkè jù ní apá tó lọ sókè páànù, ìyẹn ni kí ẹ pa tì, torí ooru ìsàlẹ̀ ló ń wá ọ̀nà wọlé níbẹ̀.

Kúlà àfikún àti fáànù iná

Fáànù rédíétọ̀ Camry tí wọ́n ń tà ní Ladipo kò lè rọ́pò fáànù Ìjàpá. Ó mọ bí a ti ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ gba ojú rédíétọ̀ tó fẹ̀, kò mọ bí a ti ń fi ìtari gba àárín ìyẹ́ tó há. Ṣùgbọ́n fún kúlà ọ́ìlì kejì, tí ẹ fi páìpù gbé lọ síbi tí afẹ́fẹ́ ti mọ́, ó dára gan-an. Tí owó bá wà fún nǹkan kan ṣoṣo lẹ́yìn páànù àti rọ́bà, òun ni kí ẹ rà, pẹ̀lú géèjì méjì: ti ọ́ìlì, àti ti tọ́ọ̀pù-sìlíńdà tí òrùka rẹ̀ wà lábẹ́ púlọ́ọ̀gì. Ẹ fi òrùka náà sí sìlíńdà kẹta. Èmi kì í jẹ́ kí tọ́ọ̀pù kọjá 200 fún ìgbà pípẹ́, tí ọ́ìlì bá sì ti kọjá 120 mo máa ń sọ eré kalẹ̀.

Ohun tó kù fún àbúrò mi ni ọ̀nà ìjáde. Ó ti gbà pé òun ò ní yọ fáànù mọ́, ó sì ti rí doghouse kan tó dáa. Ṣùgbọ́n ó ti ní kí jórinjórin jó páànù pẹrẹsẹ kan sí gbogbo abẹ́ ẹ́ńjìnì, torí ó rí i lára ọkọ̀ eré ìje kan lórí fóònù. Afẹ́fẹ́ tó wọlé ní 30 tó sì ń jáde ní 100 á wú tó ìdá 23 nínú 100, kò sì ríbi gbà. Mo ní kó gé ihò ńlá sí ẹ̀yìn páànù náà, kó fẹ̀ ju ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé lọ. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, á ba ẹwà rẹ̀ jẹ́." Mo ti ní kó tọ́jú gíráíńdà rẹ̀ dè mí dọjọ́ Sátidé.